Ẹgbẹ́ Kan, Orúkọ Mẹ́ta: Bí A Ṣe Lè Ka Ìtàn Àwọn Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Ayé Ọjọ́un

Nídìí fẹ́ńdọ̀ ìwé ìròyìn kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ni mo ti bá àríyànjiyàn kan pàdé. Bàbá kan ní WNDC ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù tí Ìbàdàn tíì ní. Ìkejì rẹ̀ ní irọ́ ni, IICC ni. Ọmọkùnrin kan tó dúró sẹ́yìn wọn, tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, wá bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin bàbá, 3SC ńkọ́?" Wọ́n wò ó bíi pé ó bú wọn. Èmi ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra, torí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jà lé lórí.

N ò dá wọn lẹ́bi. Ẹ wo orúkọ díẹ̀ nínú àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù tó lọ́jọ́ lórí jù ní Nàìjíríà láàrin 1945 sí 1990: Marine, Railway, Pan Bank, Kano, Calabar, Port Harcourt, Ibadan Lions, ECN, Police, Stationery Stores, Leventis United, Abiola Babes. Iléeṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, ìlú wà níbẹ̀, báńkì wà níbẹ̀, olówó wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá náà ò gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí mọ́. Ẹnì kan á tún wá sọ fún ọ pé àmátọ̀ ni gbogbo wọn, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ìwọ mọ̀ sí àmátọ̀ ni àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìbéèrè kan ni mo máa ń fi ka àwọn orúkọ wọ̀nyí: ta ló ń san owó oṣù àwọn ọmọ yìí? Tí a bá ti mọ ìyẹn, a ó mọ ìdí tí ẹgbẹ́ fi ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́, ìdí tí orúkọ náà fi yí padà, àti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà kú, bó bá ti kú.

Àmátọ̀ kì í ṣe òpè

Ọ̀rọ̀ "àmátọ̀" yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Lẹ́nu wa lónìí, bí a bá pe ènìyàn ní àmátọ̀, ohun tí a ń sọ ni pé kò tíì mọ iṣẹ́. Ohun mìíràn ni òfin bọ́ọ̀lù ń wí. Àmátọ̀ ni ẹni tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún nítorí pé ó gbá bọ́ọ̀lù. Ó lè mọ bọ́ọ̀lù gbá ju ẹni tó ń gbowó lọ. Ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá ló fi yàtọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé èrò náà wá. Láàrin àwọn ọlọ́lá wọn nígbà ayé Victoria, ẹni iyì kì í gba owó lórí eré; òṣìṣẹ́ lásán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 1885 ni àjọ bọ́ọ̀lù wọn gbà pé agbábọ́ọ̀lù lè máa gbowó ní gbangba, síbẹ̀ wọ́n dá ife-ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún àwọn àmátọ̀, ife yẹn kò sì parẹ́ títí di 1974, nígbà tí wọ́n fagi lé ìyàtọ̀ láàrin àmátọ̀ àti ẹni tó ń gbowó. Nígbà tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù wọ Èkó, wọ́n kó èrò náà wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù l'Ékòó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, inú orúkọ rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ "Amateur" wà.

Ní tiwa, ọdún 1990 ni líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣáájú ìgbà náà nílé, àmátọ̀ ni lójú òfin. Ẹ rántí 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní Sùúrùlérè láti gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sáwọ̀n, Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì ti ń gbá bọ́ọ̀lù, IICC sì ni ẹgbẹ́ wọn. Àmátọ̀ ni wọ́n. Ta ló jẹ́ pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní òpè?

Orúkọ náà ní àǹfààní tirẹ̀. Nígbà yẹn, àmátọ̀ nìkan ni ìdíje Òlíńpíìkì ń gbà. Òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Stationery Stores ti Èkó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí Mẹ́síkò lọ́dún 1968, tí wọ́n sì bá Brazil ta ọ̀mì 3-3. Àwọn Brazil tí wọ́n bá pàdé náà kì í ṣe Pelé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ o. Àmátọ̀ bíi tiwọn ni. Àwọn tó ń fi èsì yẹn yangàn kì í sábà rántí fi ìyẹn kún un, ṣùgbọ́n ọ̀mì ni ọ̀mì ń jẹ́.

Lẹ́tà iṣẹ́ nínú àpò

Báwo wá ni ẹni tí wọn ò sanwó bọ́ọ̀lù fún ṣe ń jẹun? Iṣẹ́ ni wọ́n fún un. Ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ní ilé-ìwé, kò ní pẹ́ tí ọ̀gá kan ní Rélùwéè tàbí ní iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná yóò fi ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rà á. Wọ́n á fún un ní lẹ́tà iṣẹ́: akọ̀wé, mẹ́séńjà, olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, tàbí ọmọṣẹ́ nínú gáréèjì. Yóò máa lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọn á dá a sílẹ̀ lọ́sàn-án kó lè lọ fi bọ́ọ̀lù dára yá. Bí oṣù bá parí, owó iṣẹ́ ni yóò gbà, kì í ṣe owó bọ́ọ̀lù. Lójú òfin, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Lójú gbogbo ayé, gbogbo wa la mọ ìdí tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́.

Ẹ má fi ojú kéré ìlànà yìí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán lórí pápá, iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá dàgbà kọjá bọ́ọ̀lù, tábìlì rẹ̀ ń dúró dè é. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ayé àmátọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sówó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù líìgì wa lónìí, àwọn tí òfin ní wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, oṣù mélòó ni owó wọn máa ń wọlé láàrin oṣù méjìlá. Lójú tèmi, àmátọ̀ ayé ọjọ́un jẹun déédéé ju ọ̀pọ̀ wọn lọ.

Iléeṣẹ́ náà mọ ohun tó ń jèrè. Orúkọ rẹ̀ á máa jáde nínú ìwé ìròyìn ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ pé Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìgbò àti Èfìkì ni wọ́n á rí ohun kan tí gbogbo wọn lè jọ pariwo lé lórí. Àwọn ọ̀gá òyìnbó sì fẹ́ràn pé kí òṣìṣẹ́ wà lórí pápá ní ìrọ̀lẹ́ ju kó wà nídìí ẹmu lọ.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ padà wo àwọn tó ń gba ife. Nígbà tí ìdíje Governor's Cup bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945, Marine ló gbà á. Ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó èbúté àti ọkọ̀ ojú omi ni Marine. Railway gbà á lẹ́ẹ̀meje: 1946, 1948, 1949, 1951, 1956, 1957 àti 1964. Kò yà mí lẹ́nu. Iléeṣẹ́ wo ló tún ní òṣìṣẹ́ bíi ti Rélùwéè nígbà náà? Èbúté Mẹ́tta ni olú iléeṣẹ́ wọn, ojú irin wọn sì dé Kano. Ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ní ìlú èyíkéyìí tí ọkọ̀ ń dúró sí, ojú wọn ti tó o. ECN, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, gbà á ní 1960, 1965 àti 1970. Lọ́dún 1972 ìjọba da ECN àti àjọ tó ń ṣọ́ ìdídò Kainji pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di NEPA. Orúkọ NEPA náà ni àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́. Kò sí ẹni tó ta ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó rà á. Baba ló pààrọ̀ orúkọ, ọmọ tẹ̀lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni agbábọ́ọ̀lù ṣe ń pààrọ̀ ẹgbẹ́: ó ń pààrọ̀ iṣẹ́ ni. Teslim Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder, ẹni tí pápá ìṣeré Sùúrùlérè kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, gbá fún Railway, ó gbá fún Pan Bank. Bí ẹ bá ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láìmọ ìlànà yìí, ẹ ó rò pé ọkùnrin náà kò lè jókòó sójú kan.

Kano tó gbà á ní 1953, Calabar tó gbà á ní 1954 àti Port Harcourt tó gbà á ní 1955 ńkọ́? Ìyẹn rọrùn. Ìlú ni wọ́n. Èkó nìkan ni iléeṣẹ́ ti pọ̀ tó ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lè dá ní ẹgbẹ́ tó lágbára. Níbòmíràn, ṣe ni wọ́n máa ń ṣa àwọn ọmọ tó dára jù láàrin ìlú jọ, tí wọ́n á gbé orúkọ ìlú lé wọn lórí. Nígbà tí Ibadan Lions gba ife ní 1959, tí wọ́n tún gbà á ní 1961 àti 1966, orúkọ ìlú ni wọ́n fi gbà á.

Àwọn tó fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù ní Crosby

Ibì kan wà tí àmátọ̀ tiwa àti àmátọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé lójúkojú, mo sì fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa láti Èkó lọ sí Liverpool. Etim Henshaw ni kápútẹ́ẹ̀nì wọn. Ọjọ́ 31 oṣù náà ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọn àkọ́kọ́ ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, púpọ̀ nínú wọn ló sì fi ẹsẹ̀ lásán gbá a, wọ́n kàn fi báńdéèjì wé ọrùn ẹsẹ̀ ni. Wọ́n na àwọn onílé ní 5-2.

Ta ni àwọn onílé náà? Marine ni orúkọ wọn. Ẹni tó bá ń ka àkọsílẹ̀ ọdún yẹn lè rò pé Marine ti Èkó ló bá ara rẹ̀ gbá. Rárá o. Marine ti Èkó, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló bí i. Marine ti Crosby, hòtẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ Marine ló fún un lórúkọ lọ́dún 1894. Ẹgbẹ́ yẹn ṣì wà, kò sì tíì wọ líìgì àgbà wọn. Ní oṣù Kìíní 2021, ìdíje FA Cup gbé Tottenham dé pápá wọn, àwọn ènìyàn sì ń wo eré náà láti inú ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn. Tottenham na wọ́n ní 5-0.

Àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ wa bá pàdé lọ́dún 1949, àmátọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Bishop Auckland wà lára wọn, ẹgbẹ́ kan láti agbègbè awakùsà ní àríwá, tó gba ife àmátọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú já ní Munich lọ́dún 1958, tó pa àwọn ọmọ Manchester United, Bishop Auckland yìí ló yá wọn ní agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta. Àwọn ọmọ wa fìdí rẹmi nínú ọ̀pọ̀ ìdíje tó kù, òjò àti koríko tútù kò sì ṣe ẹlẹ́sẹ̀ lásán lóore. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ilé, wọ́n dúró ní Freetown, wọ́n na Sierra Leone ní 2-0 ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá. Ìyẹn ni wọ́n kà sí eré àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Balógun wà lára wọn. Lọ́dún 1955 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ Peterborough United. Peterborough ìgbà yẹn kò sí nínú líìgì àgbà wọn. Ẹgbẹ́ agbègbè ni, ọdún 1960 ló tó wọ̀ ọ́. Ọdún kejì ni Balógun kọjá sí Queens Park Rangers. Ṣé ẹ rí i: ẹni tó ga jù ní Èkó, ẹsẹ̀ àkàbà tó wà nísàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìbàdàn àti orúkọ rẹ̀ mẹ́ta

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Mọ́kọ́lá. WNDC ni àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àjọ ìjọba tó ń fi owó kòkó dá oko ńlá àti iléeṣẹ́ sílẹ̀. Bíi ti Rélùwéè, òun náà ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba ya iṣẹ́ okòwò àti owó-yíyá iléeṣẹ́ náà sọ́tọ̀, ó gbé e fún àjọ tuntun kan tí wọ́n ń pè ní IICC. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tẹ̀lé iṣẹ́ lọ. Bó ṣe di IICC Shooting Stars nìyẹn. Kò sí ọmọ tuntun kankan tí wọ́n bí. Ọ́fíìsì ló ṣí kúrò.

Orúkọ IICC ló gbà wọ́n lọ sí Áfíríkà. Lọ́dún 1976, wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní 4-1 nílé, wọ́n fìdí rẹmi ní 1-0 lọ́hùn-ún, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ gba líìgì nílé. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ogún baba di pínpín. Ọ̀yọ́ ló gba ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe di ẹni tó ń san owó oṣù tààrà, kò sí ìdí tí orúkọ àjọ IICC fi gbọ́dọ̀ ṣì wà níwájú. Ohun tó ṣẹ́kù ni Shooting Stars Sports Club, tí gbogbo wa gé kúrú sí 3SC.

Àwọn ará ìlú kò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Yálà WNDC, yálà IICC, yálà 3SC, ọmọ Olúyọ̀lé ni. Olóyè Lékan Sàlámì, tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá Adamásìngbà, kì í ṣe WNDC tàbí IICC ni àwọn ará Ìbàdàn rántí pé ó fẹ́ràn. Ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ ni. Orúkọ ń tẹ̀lé ẹni tó ń sanwó, àwọn olólùfẹ́ ń tẹ̀lé ìlú. Ohun tí mo sọ fún àwọn bàbá méjèèjì nìyẹn. Èkíní mi orí, ó ní ó ti yé òun dáadáa. Ó ní, "Ṣùgbọ́n nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, WNDC ló dára jù."

Ìbàdàn nìkan kọ́ ni. Vipers ti Benin ló di Bendel Insurance nígbà tí iléeṣẹ́ adójútòfò ìpínlẹ̀ gbà á. Spartans ti Owerri ni Olóyè Iwuanyanwu rà lọ́dún 1985 tó sọ ọ́ di Iwuanyanwu Nationale, òun náà ni ìjọba Imo gbà lọ́dún 2006 tó fi di Heartland. Ẹni tó bá kó àwọn ife Owerri sábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, ó ti ṣìṣe.

Ẹgbẹ́ olówó

Oríṣi kẹta ni ẹgbẹ́ tí ènìyàn kan fi owó ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Azikiwe ló ṣáájú, ó dá Zik's Athletic Club sílẹ̀ lọ́dún 1938, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì sì ni ẹgbẹ́ náà ń rìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, eré ìdárayá àti òṣèlú sì jọ ń rìn pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Israel Adebajo dá Stationery Stores sílẹ̀ l'Ékòó ní 1958, ó fi orúkọ iléeṣẹ́ ìtajà rẹ̀ pè é. Àwọn ará Èkó fi orúkọ tiwọn pè wọ́n: Adebajo Babes. Wọ́n gba ife ní 1967 àti 1968. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Adebajo kú. Ẹgbẹ́ náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tún gba ife ní 1982 àti 1990, ó gba líìgì ní 1992, kó tó wá pòórá nínú líìgì àgbà.

Láti ara "Babes" yẹn ni ẹ ó ti mọ ibi tí orúkọ Abiola Babes ti jáde. MKO Abíọ́lá gbé ẹgbẹ́ náà kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó gba ife ní 1985 àti 1987. Ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ Leventis dá Leventis United sílẹ̀, ó sì gòkè bí iná inú ọyẹ́: ife ní 1984, ife àti líìgì ní 1986. Lọ́dún 1985 wọ́n dé àṣekágbá ife Áfíríkà, Al Ahly ti Egypt ló dá wọn dúró. Kò pẹ́ sí i, àwọn méjèèjì ti tú ká. Bí ó bá ti rẹ olówó, tàbí tí iléeṣẹ́ bá yí èrò padà, kò sí ìlú kankan tó lè sọ pé tòun ni. Bí àbíkú ni irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí rí: wọ́n rẹwà, wọ́n ya ọlọ́gbọ́n, wọn kì í pẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìgbésí ayé ẹnì kan, kó wo Ràṣídì Yẹkínì. Ní Kaduna ó gbá fún UNTL, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ. Láti ibẹ̀ ó wá sí Ìbàdàn, Shooting Stars, ẹgbẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Abẹ́òkúta, Abiola Babes, ẹgbẹ́ olówó. Iléeṣẹ́, ìjọba, olówó, gbogbo rẹ̀ láàrin ọdún díẹ̀, kó tó jáde nílé. Ní 1994, òun ló gbá bọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ sáwọ̀n ní ife àgbáyé.

Ìpele kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àmátọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó máa ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú. Wọ́n gbọ́ NPFL, NNL, NLO, orúkọ àwọn líìgì wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì rò pé èyí tó wà nísàlẹ̀ ni àmátọ̀. Ọ̀nà méjì ni ká fi wò ó. Àkàbà ń sọ ibi tí ẹgbẹ́ dúró sí. Àmátọ̀ ń sọ ọ̀nà tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà jẹun. Leventis United 1986 wà ní òkè àkàbà pátápátá, àmátọ̀ sì ni. Ẹgbẹ́ NNL ti òní wà ní ẹsẹ̀ àkàbà kejì, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ṣèlérí fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àkàbà náà kò le. Lókè ni NPFL, ẹgbẹ́ 20. Lábẹ́ rẹ̀ ni NNL, lábẹ́ NNL ni Nationwide League One (NLO), lábẹ́ gbogbo wọn ni líìgì àwọn ìpínlẹ̀, ibẹ̀ sì ni àmátọ̀ gidi wà lónìí. Ẹni tó bá ṣe dáadáa ń gòkè, ẹni tí kò bá ṣe dáadáa ń já bọ́. Kí líìgì orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́fà lọ́dún 1972, tí Mighty Jets ti Jos gba àkọ́kọ́, kò sí àkàbà kankan tó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀. Ìdíje ife nìkan ló ń gbé ẹgbẹ́ Èkó àti ẹgbẹ́ Kano pàdé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ̀rọ̀ Challenge Cup, orúkọ tí Governor's Cup wá ń jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọdún egúngún, tí wọn kì í sì í sábà dárúkọ líìgì. Ìdíje ife yẹn ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ títí di òní: lọ́dún 2021, Bayelsa United gbà á nígbà tí wọ́n wà ní NNL.

Ọjà kan tún wà tó ń da ìtàn rú: àyè inú líìgì ṣeé tà. Ẹni tó bá lówó tí kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lè ra àyè ẹlòmíràn kó sì yí orúkọ padà, bí Gabros ti Nnewi ṣe di Ifeanyi Ubah lọ́dún 2014. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹgbẹ́ tuntun kan tó hù lókè láìgba ìsàlẹ̀ kọjá, ẹ wá ẹni tó tà á fún un.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà máa ń bi mí bóyá NNL dà bí minor league bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n ń rí lọ́dọ̀ wọn. Kò jọ ọ́. Níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ńlá 30 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹ́ kékeré mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2021, àpapọ̀ 120. Ẹgbẹ́ kékeré náà lè gba gbogbo ife tó wà ní ìpele rẹ̀, kò ní gòkè láé. Agbábọ́ọ̀lù nìkan ló ń gòkè. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́: ìlú kékeré ń tọ́jú rẹ̀, ó ń fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ ńlá ló ni ín, ìgbà tó bá sì wù ú ni yóò ránṣẹ́ pè é. Owó oṣù ọmọ náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ ńlá ló ti ń wá. Ìbéèrè mi ti àkọ́kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé Remo Stars, náà. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ méjì láti ìhà wa ni wọ́n jọ gòkè láti NNL sí NPFL: 3SC tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń bọ́, àti Remo Stars tí Kunle Soname ń fi owó ara rẹ̀ gbé ró. Ní ọdún 2025, Remo Stars gba líìgì. Láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó, ẹgbẹ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣe títì, ti gbà á lọ́dún 2000, kò sí ẹgbẹ́ kan láti Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tó tún gbà á títí di ìgbà náà. Ẹgbẹ́ olówó ni Remo Stars bíi ti Abiola Babes, ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí olówó náà jẹ́ kó máa jẹ́. Orúkọ ilẹ̀ Rẹ́mọ ni, kì í ṣe tirẹ̀.